Ẹ́nájì Báà Tí Ẹ Ní Kí N Kọ́ Kúnlé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ọmọ yín tó wà ní Sabon Gari, Kánò, kúnlẹ̀ kí yín lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ara tí kò le, ẹ kú ojú tó ń ṣe bàìbàì. Mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá wa, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Kúnlé, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà. Mo mọ̀ pé ìwọ lo ń ka ìwé ìròyìn yìí fún Màámi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà mi síbí dípò kí n fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Kà á sókè dáadáa. Má fo ìlà kankan, nítorí àwọn ará àdúgbò náà ń ra ìwé ìròyìn.

Ooru ti dé síbí. Oòrùn Kánò kì í ṣe irú oòrùn Ìwó tí ẹ mọ̀. Bí mo bá sá aṣọ kan, kí n tó sá èkejì, àkọ́kọ́ ti gbẹ. Látìgbà tí bàbá Tómi ti kú, inú yàrá kan náà lẹ́yìn Niger Street ni èmi àti ọmọ mi wà. Tómi gbọ́ Yorùbá, àmọ́ bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Hausa ló fi ń dá mi lóhùn. Nígbà mìíràn, láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, n kò ní gbọ́ èdè wa lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé tí a wà àfi ti ara mi. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi o. Ẹ ò káàánú mi nígbà tí mo wà nítòsí, kí ni ti ọ̀nà jíjìn?

Ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ẹ́nájì báà ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ pẹlẹbẹ ni, bíi ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n gé, tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin ní jíìmù Zoo Road máa ń jẹ kí ara wọn lè gbé e. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road ń gbà á fún àwọn àlejò wọn, àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn náà sì ń rà á dání. Nínú ilé ni mo ti ń ṣe é, lórí sítóòfù kan ṣoṣo, nínú ìkòkò tí ẹ fi sìn mí lọ sílé ọkọ. Ẹ fún mi ní ìkòkò nígbà náà, ẹ ò fún mi ní ohun tí mo máa sè nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí aádùn yín? Gbogbo Ìwó ló mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń yan àgbàdo, èmi ni mo ń gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, èmi ni mo ń jọ̀ ọ́. Àmọ́ bó bá ti ku ibi tí ẹ máa pò ó, ibi tó ti ń dì mọ́ra tí kì í fi í rún lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́, ẹ ó ní kí n lọ pọnmi. Ìkòkò omi á kún, ẹ ó ní kò kún. Kí n tó dé, ẹ ti ń dì í sínú ewé. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní ọmọbìnrin ni mí, pé bí mo bá mọ̀ ọ́n, ilé onílé ni mo máa gbé e lọ. Ẹ sì rẹ́rìn-ín bí ẹ ti ń sọ ọ́. Ó dùn mí títí di òní olónìí.

Kúnlé wá gbé Ṣadé níyàwó. Ọdún kò tíì yí po tí ẹ fi fà á sídìí iná, ẹ fi gbogbo rẹ̀ hàn án, torí pé ìyàwó ọmọkùnrin yín ni, inú ilé ló máa wà. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, Màámi, ó sì wọ ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ. Mo gbọ́ pé ó ti lọ́kọ mìíràn ní Òṣogbo, pé aádùn tó ń tà níbẹ̀, ẹnu ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tiyín. Kúnlé, tún ibẹ̀ yẹn kà, bóyá Màámi ò gbọ́ dáadáa.

Èmi náà ò ṣàdédé mọ ti èmi. Àwọn tí mo kọ́kọ́ ṣe, ooru ń yọ́ wọn, bí ọyẹ́ bá sì dé, wọ́n á máa rún bí iyẹ̀pẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó ti tíréè, mò ń sunkún. Hajiya Talatu, aládùúgbò mi tó ń ta súìtì ẹ̀pà, wọlé láìjẹ́ pé mo pè é. Ó ní sànnú, ìyẹn pẹ̀lẹ́, ó fọwọ́, ó ní kí n wò ó. Nígbà tó kan ibi tó le, mo dìde pé kí n lọ bá a bu omi wá. Ó fa ìró mi, ó ní kí n jókòó, pé ohun tí ojú ò bá rí, ọwọ́ ò lè ṣe é. Ìyẹn ò bí mi, a ò jọ ṣe ẹ̀sìn kan náà. Mo sunkún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì rò pé èéfín ni.

Ohùn yín tí Kúnlé gbà sínú fóònù wá dé. Ẹ ní kí n kọ́ ọ ní ẹ́nájì báà, pé òun ni àrólé, pé ohun tí ọmọ bá rí he, ilé bàbá rẹ̀ ló ni ín. Ẹ ní bó bá ti mọ̀ ọ́n, kí n dáwọ́ tèmi dúró, kó má baà di méjì. Kúnlé ní òun ò lè máa po aádùn bí obìnrin, pé eléyìí ló bóde mu, òun ti gba ṣọ́ọ̀bù, òun sì ti sọ fún gbogbo ayé pé àṣírí ìdílé wa ni. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ẹ ò béèrè Tómi. Ẹ ò béèrè ohun tí a ó máa jẹ bí mo bá dáwọ́ dúró.

Mo ti gbọ́, màá kọ́ ọ. Òun nìkan kọ́ ni màá kọ́ ṣá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ wá ife mẹ́ta dàbínù, èso dídùn tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣínu, ife ẹ̀pà méjì, ife yànmọtí kan, oyin ìdajì ife àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ yọ kóró inú dàbínù, ẹ rẹ ẹ́ sómi gbígbóná kó rọ̀, kí ẹ gún un. Ẹ yan ẹ̀pà, ẹ bó o, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ẹ yan yànmọtí títí yóò fi máa ta. Ẹ fi wọ́n sítòsí iná kí wọ́n má tutù. Ẹ wá da dàbínù àti oyin sínú ìkòkò lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ máa rò ó. Àṣírí rẹ̀ nìyí: ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù. Bó bá túká, kò tíì tó. Bó bá ṣù rogodo láàárín ìka yín, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ da ẹ̀pà gbígbóná àti yànmọtí sí i lójú ẹsẹ̀, kí ẹ bu iyọ̀ sí i. Gbígbóná pẹ̀lú gbígbóná ni. Bí ọ̀kan bá ti tutù, yóò rún. Ẹ tẹ́ ẹ sínú tíréè tí ẹ fi òróró pa, ẹ fi ìgò yí i, ẹ gbé òkúta lé e di ọjọ́ kejì, kí ẹ gé e.

Mo mọ̀ pé yóò pa ọjà èmi náà lára. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ọgọ́rùn-ún obìnrin tí n kò mọ̀ rí máa tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ju kí ẹ tún lé mi kúrò nídìí iná lọ.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, Màámi. Kó la ojú yín, kí ẹ lè rí ohun tí àwọn obìnrin àdúgbò máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà níwájú ilé yín. Kí ṣọ́ọ̀bù Kúnlé má ṣófo. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, bí ẹ bá sì gba Òṣogbo kọjá, ẹ kí Ṣadé.

Ohun kan ló kù tí mo gbàgbé. Kí omi tútù ti wà nínú abọ́ kí ẹ tó dáná, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àwáwí tó máa fi rán ọmọbìnrin jáde.

Èmi ni,
Àjọkẹ́, ọmọ yín tó máa ń pọnmi.