Igun Kan Ṣoṣo Tó Le ní Ugbor

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àkọ́bí mi fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ wa ní Ugbor, níbí ní Benin, kí gbogbo wa lè jọ máa gbé. Ẹnjiníà tó mú wá gbẹ́ ilẹ̀ wò káàkiri, ó ní àgbàrá ti jẹ ẹ́, igun kan ṣoṣo ló le tó láti gbé ilé.

Igun yẹn la sin ìyá àwọn ọmọ mi sí.

Àkọ́bí mi ní, "Papa, make we move Mama."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní, "Ẹ dán an wò, Bọ̀dá, ká wá wò ó bóyá mo ṣì ní ẹ̀gbọ́n."

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́, kí ni kí n ṣe? Èmi ni mo yan igun yẹn fún un, nítorí àgbàrá kì í dé ibẹ̀.