Fúnkẹ́ Ti Sọ Ẹni Tó Máa Dìbò Fún

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ara ti wá tù mí wàyí. Àtàárọ̀ tí Fúnkẹ́ ọmọ mi ti sọ fún mi pé olùdíje tó jẹ́ ọmọ Ìfọ́n lòun máa dìbò fún ni ọkàn mi ò ti sí nínú iṣẹ́ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ìbò àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́. Látìgbà tí ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín àwa àti Ìfọ́n, ta ló jẹ́ yin ọmọ Ìfọ́n nínú ilé wa ní Ìlobù?

Àmọ́ Fúnkẹ́ sọ ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́.

Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló rí lára ọkùnrin náà.

"Dádì, ẹ má bínú. Mo bi àwọn olùdíje méjèèjì nípa omi ẹ̀rọ. Ti Ìlobù níbí ní ká lọ fọkàn balẹ̀. Ti Ìfọ́n ní òun ò tíì mọ̀, ó lọ wádìí, ó sì pè mí padà."

Bàbá Fúnkẹ́ mu omi. Ó ní òun ò ní í dìbò fún ọmọ Ìfọ́n láéláé, àmọ́ ìka Fúnkẹ́ kì í ṣe ìka òun. Ló bá kọjú sí mi.

"Ìwọ lọmọ yìí jọ. Ọjọ́ ìdìbò nìkan ni o kì í bá mi jiyàn, o kàn máa ń tẹ̀ka fún ẹni tó wù ẹ́."

Gbogbo ọdún tí mo ti ń tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ tí kò fẹ́, mo rò pé kò mọ̀.

Ó mọ̀. Síbẹ̀ òun ló máa ń fi máṣíìnì rẹ̀ gbé mi lọ dìbò.