Ilé Wa Tí Ilé Ìdáná Rẹ̀ Jìnnà sí Yàrá

Ilé Ìdáná Ìdílé Wa,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Àwọn Ọmọdé.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Tó Ń Fọwọ́ sí Àwòrán Ilé,
Òpópónà Ilé Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE WÓ ILÉ ÌDÁNÁ WA NÍTORÍ Ọ̀DẸ̀DẸ̀

1. Èmi ni àkọ́bí ìdílé tí ẹ mọ̀ dáadáa ní ọ́fíìsì yín. Aránṣọ ni mí. Mo ti ka ìwé ìkìlọ̀ tí ẹ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wa. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ èsì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi.

2. Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, fi ilẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún wa: ọ̀kan lẹ́yìn ilé-ìwé, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì. Ìfẹ́ wọn ni pé kí a yan ọ̀kan, kí a kọ́ ilé síbẹ̀, kí gbogbo wa sì máa gbébẹ̀ pẹ̀lú ìyá wa. Mo ní ẹ̀yìn ilé-ìwé ló dára, nítorí aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán. Àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní àfi ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn. Àbíkẹ́yìn wa, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ní bí kì í bá ṣe gáréèjì, òun ò bá wa gbé. A fà á títí, kò já.

3. Ìyá wa kì í dá ọmọ lẹ́bi. Láti kékeré wa, bí a bá gbé ẹjọ́ dé iwájú wọn, wọ́n á ní gbogbo wa la jàre. Nígbà tí ayàwòrán-ilé yín bi wọ́n pé ibo ni kí òun fi ilé sí, wọ́n ní kó kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá wí, kó má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọkùnrin náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó fi ilé ìdáná sí ẹ̀yìn ilé-ìwé, yàrá sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn, pálọ̀ sí gáréèjì. Ẹ̀yin náà sì fi òǹtẹ̀ lù ú, a sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀!

4. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ọbẹ̀ tí ìyá wa bá sè ní láti wọ ọkọ̀ kó tó dé pálọ̀. Bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá bi wọ́n láàárọ̀ pé ibo ni wọ́n ń lọ, wọ́n á ní ilé ìdáná àwọn ni, gbogbo ọkọ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mẹkáníìkì wa tẹ́ ẹní sí pálọ̀, òṣìṣẹ́ yín wá ká ẹní náà, ó ní pálọ̀ ni ọ́fíìsì fọwọ́ sí, kò fọwọ́ sí oorun.

5. Ní báyìí, ẹ ní ilé tí kò bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó so yàrá mọ́ ilé ìdáná, ilé kọ́. Ẹ ní bí a ò bá kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kí oṣù yìí tó parí, katakata yóò wá, ilé ìdáná ni yóò sì kọ́kọ́ wó. Ọ̀gá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń wí yìí máa gba inú kíláàsì, á gba àárín ọjà, á sì la àgọ́ ọlọ́pàá kọjá. Mo lọ bẹ ọ̀gá ọlọ́pàá pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọ̀nà fún wa. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tì mí mọ́lé.

6. Orúnkún ìyá wa kò gba ìrìn mọ́. Wọ́n ti kó ẹní wọn lọ sí ilé ìdáná, ibẹ̀ ni wọ́n ń dá sùn. Èyí ló dùn wá jù. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àwa ọmọ jókòó yí wọn ká, a bi wọ́n ní ohun tí àwa àti ọ́fíìsì yín ò bi wọ́n rí: níbo ni àwọn fúnra wọn fẹ́? Wọ́n ní ibi tí àwọn bá ti lè pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dá àwọn lóhùn. Nọ́ọ̀sì wa bú sẹ́kún. Mẹkáníìkì ní òun ò fẹ́ gáréèjì mọ́.

7. Ọwọ́ yín ni ọ̀bẹ àti iṣu wà. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a kó yàrá àti pálọ̀ wá bá ilé ìdáná lẹ́yìn ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé ibi tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn àbúrò mi ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ìyá wa ti wà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ dandan ni kí katakata wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń wà á pé kó kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Ìyá wa ń bẹ nínú ilé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Aránṣọ Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé,
Àkọ́bí, fún ìyá wa àti àwọn àbúrò mi méjèèjì.