Ẹ̀rọ Sídíì Tí Wọ́n Ní O Jí

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ilé-Omi.
                                        Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2022.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Agùntáṣọọ́lò,

Èmi Péńpé ni. Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ lẹ́nu àǹtí rẹ pé wọ́n ti di méjì, pé èyí àgbà ti wọ ilé-ìwé. Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Ó tún ní o ti ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ níbi tí o ti ń jó irin. Mo bá ọ yọ̀. Ojú rẹ ńkọ́, ṣé ò ń lo awò? A ò tíì ríra láti ọdún mọ́kànlá, mo sì mọ̀ pé lẹ́tà mi á yà ọ́ lẹ́nu. Jọ̀wọ́, wá ibi jókòó kí o tó kà á lọ.

Mo mọ̀ pé àǹtí rẹ ti pè ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ̀, kú lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbọ́ pé o ní o ò lè tẹ̀lé òkú ẹni tó pè ọ́ ní olè. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àǹtí rẹ kò sọ fún ọ, torí ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni kí n sọ ọ́.

O rántí ampilifáyà rẹ̀ aláwọ̀ fàdákà, èyí tó fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ rà. O rántí ẹ̀rọ sídíì tó máa ń wà lórí rẹ̀: ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, fífẹ̀ wọn ṣe déédéé, bọ́tìnnì wọn jọra. Tọkọtaya ló ń pè wọ́n. Ìwọ àti òun lẹ máa ń jókòó gbọ́ orin lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wọn tí ò ń wáṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ sídíì náà dàwátì, ìwọ ló lé jáde, níwájú gbogbo wa, lórí oúnjẹ àárọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ampilifáyà ti di opó.

Àìsàn kíndìnrín ló dá ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Nígbà tí dókítà ní ká máa gbé e lọ sílé, kò béèrè ju pé kí òun tún gbọ́ orin dáadáa. Ó ní orin inú fóònù ń dún bí ìgbà tí eèrà bá ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Mo wá irú ẹ̀rọ yẹn kiri fún oṣù mẹ́rin, wọn kì í ṣe é mọ́. Mo fi èyí tuntun kan, dúdú, pẹlẹbẹ, hàn án nínú àwòrán, ó kàn mi orí ni. Níkẹyìn mo rí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò, tó ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ tó fẹ́ tà, torí etí rẹ̀ ti di pátápátá. Ó tan ẹ̀rọ náà fún mi, ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà kó lè mọ̀ bóyá ó ń dún. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọwọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mi fún un. Nígbà tó yé e pé ẹ̀gbọ́n mi tí ara rẹ̀ kò yá ni mo fẹ́ rà á fún, ó nù ún, ó wé e bí ọmọ tuntun, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ní àbúrò.” Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù yìí, ni mo gbé e délé. Ó bá ampilifáyà mu rẹ́gí. Kò kọ́kọ́ ka sídíì. Mo fi òwú nu ojú gíláàsì inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ̀gbọ́n mi di ojú. Àǹtí rẹ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ká aṣọ. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ láìla ojú.

“Ọmọkùnrin yẹn ì bá wà níbí gbọ́ ọ. Olè ló bà á jẹ́.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, òun kọ́ ló gbé e. Èmi ni.”

Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni. Mo fi ṣe pààrọ̀ fóònù kan tó wọ̀ mí lójú, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Fóònù náà kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Èmi yìí náà ni mo bá ọ gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Mo tilẹ̀ bá ọ bú ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà, pé kò láàánú.

Orin náà parí. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, “Nígbà tí ìyá tó bí ìyàwó mi àti ọmọkùnrin yẹn kú, tí mo ní mi ò lọ síbi òkú ìyá olè, ṣé o wà níbẹ̀?”

Mo ní mo wà níbẹ̀.

Ó ní, “Pa á.”

Mo pa ẹ̀rọ náà. Kò ní kí n tàn án mọ́. Àǹtí rẹ na ọwọ́ sí fóònù láti pè ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní kó fi sílẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Kọ ọ́ síwèé, kí o sì fọwọ́ sí i, kó lè rí nǹkan fi han gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo pè é ní olè. Sọ fún un pé mo ní kó máa bọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ya á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àràárọ̀ ló ń béèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo sọ fún un pé mo ti fi ránṣẹ́. Irọ́ ni. Ó gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ní kí wọ́n fá irùngbọ̀n òun, kí wọ́n yí àga òun sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Tí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn, á gbìyànjú láti jókòó dáadáa. Lọ́jọ́ Ẹtì ó bi mí bóyá o ti dáhùn. Mo ní ọ̀nà jìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ó ní, “Bóyá kò fẹ́ wá. Kò jẹ̀bi.” Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ.

Ìgbà tí àǹtí rẹ pè ọ́ ló tó mọ̀ pé lẹ́tà kankan kò dé ọwọ́ rẹ. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí ni ìsìnkú. Àǹtí rẹ kò ní ẹlòmíràn tí á dúró tì í. Nítorí rẹ̀, jọ̀wọ́, wá. Ẹ̀yìn ni èmi á wà. O ò ní rí mi àfi tí o bá wá mi. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, bó bá ṣeé ṣe fún ọ láti dárúkọ mi létí wọn.

Mo ti ka lẹ́tà yìí sókè fún gbogbo ẹbí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó ń retí rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

                                        Èmi tí mo gbé e ni,
                                        Péńpé.