Báàgì Tí O Dì fún Mi

Ìyá Ìbejì,

O ṣì ń sùn, n ò fẹ́ jí ẹ. Mo rí báàgì tí o dì fún mi sẹ́nu ọ̀nà: bùláńkẹ́ẹ̀tì, sálúbàtà, aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́ta, àfi bíi pé tírélà ni mo tún fẹ́ wà lọ. Obìnrin yìí, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni wọ́n gbà mí sí! Mo ti tú ẹrù náà padà.

Ariwo tí mo pa mọ́ ẹ lánàá lórí tíì tó tutù, jọ̀ọ́, má fi sọ́kàn. Ó ti rẹ̀ mí ni. Èèyàn wa tírélà fún ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó wá fi oṣù márùn-ún jókòó. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni màá máa kó báyìí. Má rẹ́rìn-ín. Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Páìpù ilé ìdáná ṣì ń jò, má ṣí i tán.

Mo mọ̀ ẹ́: bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wàá fi irin dábùú ilẹ̀kùn látinú, bíi ti ìgbà tí mò ń sun ojú ọ̀nà. Má dábùú ẹ̀ lónìí o. Mò ń bọ̀ wá sùn sílé.