Ta Ni Yóò Máa Fọ Aṣọ Bàbá Rẹ?

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ara gbogbo yín le koko. Èmi wà láàyè, ṣùgbọ́n inú ń bí mi lónìí ju bó ṣe ń run mi lọ, ìwọ lo sì fà á.

O mọ̀ pé ọdún kẹsàn-án rèé tí ìfun mi ti ń ṣàìsàn. Dókítà ní egbò ló wà níbẹ̀, pé bó sàn lónìí, ó lè tún yọjú lọ́la, àti pé kò ràn. Ìwọ ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni, pé ẹnu mi ló ń kó bá mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò ni, mo gbé e mì.

O mọ bí a ṣe ń gbé ilé wa. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo la ní, ẹnikẹ́ni kì í sì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé á máa kọrin, kí n lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀; bí mo bá sáré kan ilẹ̀kùn, á jáde, ì báà má tíì ṣe tán. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin mi ti ń kọrin yìí. Kò ráhùn rí.

Wàyí o, lóṣù tó kọjá, ìyàwó mi ń tú àpò àjákù aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó bá lẹ́tà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́ sí ọmọ wa pé wọ́n ti gbà á. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àyè náà bọ́. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tó fi fi í pamọ́. Ó ní ìwọ nìkan lòun fi hàn, ìwọ lo sì sọ fún òun pé, “Bí o bá lọ, ta ni yóò máa fọ aṣọ bàbá rẹ?”

Háà! Ìwọ tí mo rán aṣọ ilé ìwé fún? Ìfun ló ń ṣe mí, apá mi ò rọ. Bí mo bá ba aṣọ ibùsùn jẹ́, ṣé omi ló wọ́n ni àbí ọṣẹ? O fẹ́ sọ ọmọ mi di alágbàfọ̀ àìsàn mi, o wá ń pè é ní àánú.

Èmi fúnra mi ni mo sìn ín lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí awakọ̀ dúró kí n sáré wọ igbó. Nígbà kẹta, àwọn èrò ń pòṣé, ọmọ mi sì ń bẹ̀ wọ́n kiri. Mo ní kó dákẹ́. Mo ní, “Ìfun mi ló ń ṣàìsàn. Ẹni tó bá ń kánjú, kó sọ̀ kalẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn.” Kò sẹ́ni tó sọ̀.

Àná ni mo gba lẹ́tà rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ni àwọn ẹgbẹ́ òun bá ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti ilẹ̀kùn, òun sì jókòó títí ó fi sú òun, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Àbúrò mi, mo sunkún.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ọ̀nà ilé rẹ. Bó bá sì mọ̀ ọ́n, kí Ọlọ́run má fún ọ ní àbúrò tí yóò sọ fún ọmọ rẹ ohun tí o sọ fún tèmi. Kọ̀wé sí i, kí o bẹ̀ ẹ́. Èmi lè dúró.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ, tí a jọ mu ọmú kan náà.

Mo fẹ́ gbàgbé: aṣọ ibùsùn tí o yá wa lọ́dún tó kọjá, tí o ní kí n má wulẹ̀ dá padà mọ́, òun ni mo fi wé lẹ́tà yìí. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Gbé e símú.