Kí Olúkúlùkù Dúró ti Tábìlì Rẹ̀

Dolyna, Saskatchewan
Oṣù Kejì

Halya, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí o sinmi. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le nínú ìlú ńlá yẹn. Èmi wà láàyè, àmọ́ ara mi kò balẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ni mò ń dìde lọ wo fóònù.

O rántí pé nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣírò níbi iṣẹ́ rẹ bí àrùn èémí yìí ṣe máa rìn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kà á sí pé ilé ni àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì ń jókòó sí. O ní ìwọ bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé bàbá mi ló máa jókòó sílé?" Lẹ́yìn náà lo sunkún, nítorí kò tí ì pé ọdún kan tí bàbá rẹ kú. Àràárọ̀ ló ń gbé ife kọfí kiri gbọ̀ngàn eré orí yìnyín, láti tábìlì dé tábìlì, tó ń ṣa ìròyìn jọ. Ibẹ̀ ló ti kó àrùn tó pa á.

Nítorí náà, nígbà tí ìṣirò yín tuntun sọ pé bí ènìyàn mẹ́rin bá dúró ti tábìlì kan jálẹ̀ ìgbà òtútù, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà lọ jìnnà, èmi tí mò ń po kọfí ní gbọ̀ngàn náà ni mo pín àwọn arúgbó ibẹ̀ sí tábìlì ní mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Nestor, àbúrò bàbá rẹ, ní, "Ìyàwó wa, ṣé o ti dá wa padà sí jẹ́léósinmi ni?" Stefko, tí mo fi sí tábìlì mìíràn, ní tábìlì Nestor ni irọ́ ti ń dùn jù, ta ló fẹ́ jókòó ti òtítọ́? Mo ní ẹni tó bá gbé ife rẹ̀ dìde kò ní mu kọfí mi mọ́. Wọ́n kùn títí, wọ́n jókòó. Ṣé o mọ̀ pé fóònù ni wọ́n wá fi ń pe ara wọn nínú gbọ̀ngàn kan náà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àrùn náà wọlé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní tábìlì Nestor dùbúlẹ̀. Ní àwọn tábìlì yòókù, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Bí o ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí.

Àmọ́ Nestor wà nílé ìwòsàn, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Bí mo bá fẹ́ yọ̀ fún àwọn tó yè, ojú rẹ̀ á yọ sí mi. Èmi ni mo ní kó má kúrò ní tábìlì yẹn. Halya, iye ni ìṣirò ń sọ, kì í sọ orúkọ. Mo fọ abọ́ tó mọ́, mo tún un fọ̀.

Síbẹ̀, má dẹwọ́. Ọwọ́ tí o fi ń dáàbò bo ọmọ ẹlòmíràn kò ní rọ. Oorun á máa wá ojú rẹ. O ò ní tún ṣọ̀fọ̀ lọ́dún yìí.

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú rẹ ń wù láti rí,
Orysia

Àfikún: Mi ò tí ì lẹ àpò ìwé pa tí wọ́n fi pè láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ lẹ́nu Nestor, ó ń mí fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ha lórí fóònù bí ewé gbígbẹ: "Ta ló wà lórí àga mi?" Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní, "Má jẹ́ kí Stefko débẹ̀ o. Ìṣirò ọmọ wa ò gbà á."